Kí Ẹ Tó Sọ̀kalẹ̀ Lọ sí Pedn Vounder

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo gbọ́ pé ẹ ń bọ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló fi fídíò ránṣẹ́ sí mi lórí Wasáàpù lálẹ́ ọjọ́ Àìkú: omi tó mọ́ gaara bí ojú dígí, iyanrìn funfun, àpáta ńlá lọ́tùn-ún lósì, orin Fújì ń dún lábẹ́ gbogbo rẹ̀. Ó ní ẹ̀yin mẹ́fà lẹ ń bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù, ẹ ti gba yàrá sí Penzance, ẹ ti ra gíláàsì ìwẹ̀ àti píìpù tí wọ́n ń pè ní snorkel, Pedn Vounder lẹ sì ń lọ ní Sátidé. Ó wá fi ẹ̀rín tì í lẹ́yìn: "Màmá Cornwall, ṣé ẹ mọ ibẹ̀?"

Mo mọ ibẹ̀. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí mo ti ń gbé ní Cornwall, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì mọ ibẹ̀ ju bí mo ṣe fẹ́ mọ̀ ọ́n lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ èyí, tí n kò fi ohùn ránṣẹ́. Bí mo bá fi ohùn ránṣẹ́, ẹ ó yí i kó máa sáré bí ọ̀rọ̀ ẹni tí wọ́n ń lé, ẹ ó sì ní ẹ ti gbọ́.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò pọ̀. Ibi tí ẹ ń lọ yẹn, ẹnikẹ́ni ló lè sọ̀ ọ́. Ẹ kàn jẹ́ kí n bi yín: aago mélòó lẹ máa gòkè?

Ìpẹ̀kun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ibí, ní gúúsù ìwọ̀ oòrùn. Rélùwéè tí ẹ máa wọ̀ ní Paddington yóò rìn ju wákàtí 5 lọ, Penzance ló sì ti máa parí, torí irin kò tún lọ síwájú mọ́. Bọ́ọ̀sì ló máa gbé yín dé abúlé Treen. Ẹ ó la oko àwọn àgbẹ̀ kọjá, ẹ ó yọ sí orí òkè, ẹ ó sì rí òkun nísàlẹ̀ lójijì. Ariwo tí ẹ máa pa níbẹ̀, mo ti ń gbọ́ ọ láti ibi tí mo jókòó sí. Òkúta akọ ni gbogbo ibẹ̀, irú òkúta tí a fi ń yangàn ní Ìdànrè. Ṣùgbọ́n Ìdànrè ní àtẹ̀gùn tí wọ́n ṣe fún ẹsẹ̀ ọmọ ènìyàn, tó sì ní ibi ìsinmi. Ní Pedn Vounder, ọ̀nà ẹsẹ̀ tóóró lẹ ó máa tọ̀, títí tí ọ̀nà yóò fi tán lábẹ́ yín nígbà tí iyanrìn ku díẹ̀. Níbẹ̀, ẹ ó kọ ẹ̀yìn sí òkun, ẹ ó dojú kọ àpáta, ẹ ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, ẹ ó sì máa fi ẹsẹ̀ wá ibi títẹ̀ bí afọ́jú. Èdè àtijọ́ àwọn ará Cornwall ni orúkọ ibẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ kò ju "òpin ọ̀nà" lọ. Àwọn tó sọ ọ́ lórúkọ ti ṣe tiwọn.

Ọmọ Ìlàjẹ ni mí. Mo ti ń wa ọkọ̀ kí n tó mọ ìwé. Orí omi ni wọ́n kọ́ ilé bàbá mi sí, bí abọ́ bá bọ́ lọ́wọ́ wa nílé ìdáná, òmùwẹ̀ ló ń lọ mú un wá. Omi kò bà mí lẹ́rù rí, ìyẹn gan-an ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí.

Ọdún 1983 ni, nínú oṣù Kẹjọ. Èmi àti àwọn nọ́ọ̀sì méjì, ọ̀kan ará Jàmáíkà, ọ̀kan ọmọ Ìjẹ̀bú, wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Porthcurno, etíkun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Pedn Vounder. Nígbà tí a débẹ̀, omi ti fà lọ jìnnà, a sì rí i pé ènìyàn lè gba etí àpáta, kó máa fi ẹsẹ̀ rìn lórí iyanrìn tútù títí dé òdìkejì. Kí la tún ń gun òkè fún? A bọ́ bàtà, a gbé kúlà ìrẹsì wa, ó di ọ̀nà. Kò sí ẹni tó sọ fún wa pé òkun ló yá wa ní ọ̀nà yẹn, pé kò sì ní pẹ́ béèrè rẹ̀ padà.

Òkìtì iyanrìn kan máa ń yọ láàárín omi níbẹ̀ bí omi bá fà. Láàárín òkìtì náà àti ẹsẹ̀ àpáta, omi yóò dúró bí adágún, àwọ̀ rẹ̀ á dà bíi ti aró tí wọ́n fi omi là. Ẹwà ibẹ̀ kọjá ohun tí fóònù lè gbé, mi ò ní purọ́ fún yín. Mo la omi kọjá lọ sórí òkìtì náà, mo na gbalaja síbẹ̀ bí ọ̀nì tó ń yáàrùn. Ọmọ Ìjẹ̀bú yẹn kò mọ̀ ọ́n lúwẹ̀ẹ́, òun wà létí àpáta. Òun ló pariwo: "Àǹtí, ibi tí a gbà wá dà?"

Mo gbójú sókè. Ọ̀nà iyanrìn ti di òkun. Omi kò hó, kò pariwo. Ó ti gba ẹ̀yìn òkìtì tí mo sùn sí wọlé bí ẹni tó gba ẹ̀yìnkùlé wọlé tí onílé ṣì ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Kí n tó lúwẹ̀ẹ́ padà dé ọ̀dọ̀ wọn, omi tó mù mí dé orúnkún nígbà tí mo ń lọ ti mù mí dé àyà.

Àwọn tó wà létí omi ti ń kó aṣọ wọn. Àwọn tó ní aṣọ ni mò ń sọ. Ẹ gbọ́ o: ó pẹ́ tí àwọn tó ń wẹ̀ níhòòhò ti fi ibẹ̀ ṣe ibùdó, ẹ lè bá wọn níbẹ̀ ní Sátidé. Ẹ kò gbọ́dọ̀ yà wọ́n ní fọ́tò, ẹ má sì wò wọ́n bí ẹni ń wo eégún. Ẹ kí wọn, kí ẹ kọjá. Torí pé ọ̀kan nínú wọn ló gbà mí là.

Bàbá arúgbó ni, yóò tó ẹni àádọ́rin ọdún, fìlà funfun nìkan ló wà lára rẹ̀ látòkè délẹ̀. Ó wo wá, ó wo omi, ó wo sílípáàsì tí a tún ti wọ̀, ó mi orí. Ó ní ká bọ́ ọ, ẹsẹ̀ lásán ń di òkúta mú ju rọ́bà tútù lọ. Ó wá ṣáájú wa gun àpáta náà, ó ní kí n máa wo ibi tí òun ń gbé ẹsẹ̀ sí dáadáa, kí n sì máa gbé tèmi síbẹ̀. Ẹ fọkàn yàwòrán rẹ̀. Àpáta dúró ṣánṣán. Bàbá oníhòòhò wà lókè. Ọmọ Ìlàjẹ tí wọ́n tọ́ nílé ire wà nísàlẹ̀ rẹ̀ gan-an, wọ́n sì ń sọ fún un pé kó wò dáadáa. Mo fẹ́ dijú. Ṣùgbọ́n bí mo bá dijú, ibo ni mo fẹ́ gbé ẹsẹ̀ sí? Mo la ojú mi méjèèjì.

Nígbà tó débi tó tẹ́jú, ó na ọwọ́ sí ọmọ Ìjẹ̀bú, ó fà á sókè, ó tún sọ̀ padà wá bá ará Jàmáíkà tó ti ń gbọ̀n láàárín méjì. Nígbà tí gbogbo wa dókè, mo kúnlẹ̀ láti dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àṣà ni, orúnkún ti kanlẹ̀ kí n tó ronú. Ìgbà tí mo rí ohun tí mo kúnlẹ̀ kọjú sí, mo yára dìde. Bàbá náà rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ kan fìlà rẹ̀, ó ní ìgbà mìíràn ká máa ra ìwé omi kí a tó ra oúnjẹ. Kúlà wa wà nísàlẹ̀. A ń wò ó láti òkè bí omi ṣe gbé e, tó ń yí bìrí, tó ń gbé ìrẹsì wa lọ.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ń bi ara mi bí èmi ọmọ etí òkun ṣe ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀. Òkun tí mo mọ̀ ni mo gbé wá wo òkun tí n kò mọ̀. Ní etíkun tiwa, láti Ìlàjẹ dé Èkó, láti ìgbà tí omi bá fà tán títí yóò fi kún tán, ìyàtọ̀ rẹ̀ kò ju nǹkan bíi mítà 1 lọ. Ọmọ tó dàgbà nídìí rẹ̀ kì í kà á sí. Ìgbì là ń bẹ̀rù nílé, a kì í bẹ̀rù ìkún omi. Ti Cornwall yàtọ̀: nígbà tí oṣù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, tàbí tí òṣùpá bá ràn mọ́jú, ìyàtọ̀ yẹn lè sún mọ́ mítà 5. Bí omi bá sì ń kún fún wákàtí 6 ó lé díẹ̀, kì í kún bákan náà. Ẹ pín in sọ́nà 12. Wákàtí àkọ́kọ́, ìdá 1 péré. Ìkejì, 2. Ìkẹta, 3, ìkẹrin, 3, kó tó tún rọlẹ̀ sí 2 àti 1. Wákàtí àkọ́kọ́ yẹn ló ń tan ènìyàn. Ẹ ó ní, "Omi yìí kò tíì kúrò lójú kan," ẹ ó tún ya fọ́tò sí i. Nígbà tí ìkẹta bá dé, omi lè ga ju mítà 1 lọ nínú wákàtí kan ṣoṣo. Ohun tí òkun Èkó ń fi odidi wákàtí 6 ṣe, wákàtí kan ni eléyìí fi ń ṣe é, pẹ̀lú lé.

Ẹ má sì gba àkókò lẹ́nu ẹni tó lọ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Bí òní ṣe rí kọ́ ni ọ̀la máa rí, ó máa ń fi bíi ìṣẹ́jú 50 sún síwájú lójoojúmọ́. Ìwé omi, ìwé pẹlẹbẹ tí wọ́n kọ àkókò yẹn sí, wà ní ṣọ́ọ̀bù, owó rẹ̀ kò tó ti kọfí tí ẹ ń mu, ó sì wà lórí fóònù pẹ̀lú. Ní Newlyn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Penzance tí ẹ fẹ́ sùn sí yẹn, wọ́n wọn òkun láti ọdún 1915 títí di 1921, níbẹ̀ sì ni wọ́n ti mú òdo tí wọ́n fi ń ka gíga gbogbo òkè ní ilẹ̀ Bìrìtìkó títí di òní. Ènìyàn fi ọdún 6 wo omi kan. Ẹ̀yin náà ẹ fi ìṣẹ́jú 6 wo ìwé rẹ̀.

Ó kan ọ̀rọ̀ ìwẹ̀ fúnra rẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin méjì ti kọ́ ọ ní adágún ìwẹ̀ ìlú, mo sì yọ̀. Adágún ìwẹ̀ gbóná, ó ní ògiri mẹ́rin. Òkun tibí, kódà nínú oṣù Kẹjọ, ìwọ̀n Celsius 16 tàbí 17 ló sábà máa ń wà. Bí ẹ bá dé nígbà ìrúwé, ó lè má kọjá 10. Bí ara bá já sínú irú omi bẹ́ẹ̀ lójijì, èémí á gé, àyà á máa lù kìkìkì, ẹnu á sì là fúnra rẹ̀ láti fa afẹ́fẹ́. Bí orí bá wà lábẹ́ omi lásìkò tí ẹnu là ńkọ́? Ẹ wọlé díẹ̀díẹ̀. Ẹ bu omi sí ọrùn àti ojú kí ẹ tó jìn sí i. Bí èémí bá gé, ẹ má lúwẹ̀ẹ́: ẹ dojú sókè, ẹ jẹ́ kí etí wọnú omi, ẹ na apá, ẹ na ẹsẹ̀, kí ẹ máa léfòó. Bí ìṣẹ́jú kan sí ìṣẹ́jú kan àbọ̀, yóò ti kọjá. Ẹni tó bá sì fẹ́ bẹ́ láti orí àpáta kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lè ya fídíò rẹ̀, ẹ bá mi sọ fún un pé a kì í fi ẹsẹ̀ méjèèjì wọn jíjìn odò, áńbọ̀sì orí.

Gíláàsì ìwẹ̀ yín yẹn yóò máa ṣú fún ìkùukùu. Itọ́ ni oògùn rẹ̀. Ẹ tutọ́ sínú rẹ̀, ẹ fi ìka pa á yíká, ẹ fi omi òkun ṣàn án lẹ́ẹ̀kan péré, kí ẹ gbé e wọ̀. Mo mọ ẹni tó máa ní ó ń rí òun lára nínú yín. Yóò rí ìkùukùu, àwọn yòókù yóò rí ẹja. Ẹni tó bá dirun, kó ti gbogbo rẹ̀ sẹ́yìn, torí bí irun kan ṣoṣo bá há sábẹ́ rọ́bà, omi á máa wọlé. Ọkùnrin onírunmú, kó fi fasilíìnì pa orí ètè rẹ̀ nípọn. Lẹ́yìn náà, kí ẹ kọ́kọ́ fi píìpù yẹn mí níbi tí ẹsẹ̀ yín ti kanlẹ̀, títí èémí yóò fi lọ sókè sódò láìsí wàhálà. Méjì-méjì ni kí ẹ máa lọ. Ẹni tó ń wo ìsàlẹ̀ kì í mọ ibi tí omi ń gbé òun lọ, kí ẹnì kejì máa gbé orí sókè wo àpáta lóòrèkóòrè.

Kí lẹ máa rí? Ẹ má retí ẹja aláràbarà inú fíìmù. Koríko òkun aláwọ̀ ilẹ̀ lẹ máa kọ́kọ́ rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpáta, ó gùn, ó fẹ̀ bí ìgbànú, ó ń jó lọ jó bọ̀ pẹ̀lú omi. Ẹ ní sùúrù lórí rẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, ohun tí ẹ pè ní òkúta yóò ṣí ẹsẹ̀, akàn ni. Ẹja kan tó sanra, tí ètè rẹ̀ nípọn bíi ti ẹni tó ń bínú, yóò yọ jáde láti inú koríko, yóò wò yín, yóò padà sílé. Bí seal bá yọrí, tó fi ojú bíi ti ajá wò yín, ẹ fi í sílẹ̀, onílé ni. Ẹ yẹra fún ẹran omi rọ̀dọ̀rọ̀dọ̀ tó ní ìlà bíi ti kẹ̀kẹ́ lórí, ó ń ta ni. Èyí tó ń dà mí láàmú jù ni ẹja kékeré kan tó ń bo ara rẹ̀ mọ́ iyanrìn létí omi, weever ni wọ́n ń pè é, tó ní ẹ̀gún olóró lẹ́yìn. Bí ẹnikẹ́ni bá tẹ̀ ẹ́, ẹkún ni. Kò gba yìnyín o. Omi gbígbóná ni, bí ara bá ṣe lè gbà á tó láìbó, kí ẹsẹ̀ wà nínú rẹ̀ fún bíi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ọ̀pọ̀ ẹsẹ̀ ni mo ti tì bọ inú báàfù.

Bí ẹ bá wà nísàlẹ̀, ẹ gbójú sí ìhà ìlà oòrùn. Òkúta kan wà lórí àpáta tó yọ sínú òkun níbẹ̀, Logan Rock, wọ́n ní ó wúwo tó tọ́ọ̀nù 80. Láyé àtijọ́, ọwọ́ ènìyàn kan ṣoṣo lè mì ín, kò sì ní ṣubú. Ní ọdún 1824, ọ̀dọ́ ọ̀gá kan nínú ológun ojú omi, Hugh Goldsmith, kó àwọn ọmọ ọkọ̀ rẹ̀ wá, wọ́n fi ọ̀pá irin tì í títí ó fi yẹ̀ kúrò lórí ìjókòó rẹ̀. Inú àwọn ará abúlé ru, torí òkúta yẹn ló ń mú àlejò wá bá wọn. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù pàṣẹ pé kó gbé e padà síbi tó ti gbé e. Kí ọdún tó parí, ó kó ẹ̀rọ àti okùn wá láti Plymouth, ó gbé e padà, owó rẹ̀ sì lé ní pọ́n-ún 130, owó ńlá nígbà náà. Òkúta padà sórí ìjókòó rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ní kò mì bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ kó òkúta tàbí ìkarahun sínú àpò fún ìrántí, ẹ rántí Goldsmith.

Ọdún 1824 yẹn kan náà ni wọ́n dá RNLI sílẹ̀, àwọn tó ń fi ọkọ̀ gba ẹni tí òkun fẹ́ gbé. Olùyọ̀ǹda ara wọn ló pọ̀ jù nínú wọn: apẹja, mẹkáníìkì, ẹni tó ń ta ọtí. N kò tíì pé ọdún méjì níhìn-ín nígbà tí ọkọ̀ wọn, Solomon Browne, jáde nínú ìjì ní alẹ́ ọjọ́ 19 oṣù Kejìlá ọdún 1981, láti lọ gba àwọn ẹni 8 tó wà nínú ọkọ̀ Union Star. Ọkùnrin 8 ló lọ, láti abúlé kan ṣoṣo, Mousehole. Ọ̀gá ọkọ̀ kọ̀ jálẹ̀, kò jẹ́ kí bàbá àti ọmọ jọ wọ̀ ọ́. Kò sí ẹnì kankan tó padà nínú ẹni 16. Mo rí bí ìlú ṣe rí láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ìdí nìyẹn tí ojú mi fi máa ń le bí ẹnikẹ́ni bá ní, "Bí omi bá há wa mọ́, ṣebí a ó pè wọ́n." Òótọ́ ni, ẹ ó tẹ 999, ẹ ó ní ẹ̀ṣọ́ etíkun lẹ fẹ́, wọn yóò sì wá, bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá jẹ́ kí ẹ pè lábẹ́ àpáta yẹn. Ṣùgbọ́n ọmọ ẹnì kan ló ń dìde nídìí oúnjẹ láti wá. Ní Porthcurno, ẹ̀ṣọ́ ìwẹ̀ máa ń wà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, pẹ̀lú àsíá pupa àti òféfèé. Pedn Vounder kò ní.

Mo ti wo ìwé omi. Ní Sátidé, yóò fà tán ní aago 12 kọjá ogún ìṣẹ́jú ọ̀sán. Aago 10 àbọ̀ ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀. Ẹ ó wẹ̀, ẹ ó wo akàn, ẹ ó ya gbogbo fọ́tò tó bá wù yín. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ wà lórí òkìtì iyanrìn lẹ́yìn aago 12 àbọ̀. Aago 1, ẹsẹ̀ ẹni àkọ́kọ́ ti gbọ́dọ̀ wà lórí àpáta, kí àwọn tí kò mọ̀ ọ́n lúwẹ̀ẹ́ ṣáájú. Ẹ wọ bàtà tó ń di ilẹ̀ mú, kì í ṣe sílípáàsì. Oúnjẹ ò gbọ́dọ̀ wà nínú kúlà, àpò ẹ̀yìn ni kí ẹ gbé e sí, kí ọwọ́ yín lè ṣófo.

Orúnkún mi kò gba àpáta yẹn mọ́, ṣùgbọ́n ó ṣì gba ojú ọ̀nà òkè. Èmi yóò ti wà níbẹ̀ lórí àga pẹlẹbẹ mi kí ẹ tó dé, pẹ̀lú fúláàsìkì méjì: tíì wà nínú ọ̀kan, omi gbígbóná fún ẹsẹ̀ wà nínú èkejì. Mo ti din àkàrà sílẹ̀ de ẹni mẹ́fà. Bí orí kọ̀ọ̀kan bá ṣe ń yọ láti ìsàlẹ̀ ni n ó máa kà á, n kò sì ní ṣí àkàrà náà títí n ó fi ka ìkẹfà. Bí ẹ bá sì rí bàbá arúgbó kan nísàlẹ̀ tó dé fìlà funfun, ẹ bá mi kí i. Òun kọ́ ni, mo mọ̀, yóò ti lé ní 110 ọdún nísinsìnyí. Ẹ ṣáà bá mi kí i.